Èwo Nínú Arìnrìnàjò Méje?

Méje ni géèmù náà, àmọ́ páálí mẹ́jọ ni Dámilárá tò sórí gíláàsì níwájú Maimunat, nítorí pé oríṣi méjì ni Kìíní. Ọ̀kan ti gbó, ìwé ara rẹ̀ ti ń bó. Èkejì ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ilé iṣẹ́.

"Ti àtijọ́ rèé," Dámilárá ní, ó fọwọ́ kan èyí tó gbó. "Èyí ni wọ́n tún ṣe lọ́dún tó kọjá. Ẹ wò wọ́n dáadáa, àǹtí mi, torí ibi tí àwọn oníbàárà mi ti máa ń ṣìnà nìyẹn. Wọ́n á gbé e délé tán, wọ́n á wá padà wá bá mi jà."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Dámilárá. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti gba ṣọ́ọ̀bù náà ní ọjà Alaba, kò sì sí géèmù kan tó ń tà tí òun fúnra rẹ̀ kò ì tíì gbá. Olùkọ́ ni Maimunat ní tirẹ̀, kílásì kẹrin ló ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Ìbà. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti fọwọ́ kan géèmù kẹ́yìn. Ó mọ ọjọ́ náà gan-an, àmọ́ kì í sọ ọ́.

Orúkọ òyìnbó tó wà lára géèmù yìí gùn. Arìnrìnàjò ni àwọn ọmọ àdúgbò wọn ní Okokomaiko kàn ń pè é láyé ìgbà yẹn, nítorí ọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tó fi ilé sílẹ̀, tó ń wá ẹni tó jí orúkọ ìlú wọn gbé. Ẹni tó bá ń gbá a ni yóò máa yan ohun tí ọkùnrin yìí yóò sọ, ẹni tí yóò bá rìn, ọ̀nà tí yóò gbà. Kì í ṣe eré ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó lè gba ọgọ́ta wákàtí lọ́wọ́ èèyàn, ó lè gba ọgọ́rin.

"Ta ló fẹ́ gbá a?" Dámilárá béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin."

"Ṣé wọ́n ti gbá ọ̀kan rí nínú wọn?"

"Wọ́n gbá Kìíní. Wọn ò gbá a parí."

"Kí ló dé?"

"Nǹkan dé," Maimunat wí, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. "Ojú wọn ń lọ, àbúrò mi. Ohun tí mo fi wá bá ẹ nìyẹn. Ọ̀kan péré ni wọ́n lè gbá kí ó tó lọ tán."

Dámilárá dẹ́kun ṣingọ́ọ̀mù tó ń jẹ.

Ìdrís ni ẹ̀gbọ́n náà ń jẹ́, ẹni ọdún méjìlélógójì. Pátákó ló ń kọ. Láti ẹnu ọ̀nà Navy Town títí dé Okokomaiko, ṣọ́ọ̀bù tí lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán lára ògiri, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Lọ́dún tó kọjá ni àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìlà rẹ̀ ń wọ́. Oṣù mẹ́ta ló fi bínú sí wọn kó tó gbà kí Maimunat mú òun lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì ti kú, àárín ló kù, bí ẹni ń wo òde láti inú páìpù. Oògùn ìkánsójú lè mú un falẹ̀ díẹ̀. Ó ní ó ku bí ọdún kan kó lọ tán, kó dín, kó lé.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ márúwá ní Ìyànà Ìbà. Nígbà tí Ìdrís la ẹnu, kò sọ̀rọ̀ iṣẹ́, kò sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìsẹ́yìn. Ó ní, "Maimu, mi ò wá rí ìparí géèmù yẹn títí ayé."

Maimunat kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Wákàtí kan lóòjọ́ ni ojú Ìdrís lè gbà kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Bí wọ́n bá yan èyí tí kò yẹ, tó bá gbá a dé ìdajì kí wọ́n tó mọ̀, kò ní sí ojú mọ́ láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

"Ẹ ò láyè àṣìyàn rárá nìyẹn," Dámilárá wí. Ó fa àpótí ìjókòó kan jáde fún un. "Ẹ jókòó, mummy mi. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sọ ọ́."

Ó kọ́kọ́ gbé Kìíní tuntun. "Èyí dáa fún ojú tó ń ṣàìsàn. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi bíi ti pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ kò parí."

"Báwo ni kò ṣe parí?"

"Wọ́n gé ìtàn náà sí méjì. Ibi tí ọkùnrin yẹn ti kúrò nílùú rẹ̀ ni èyí dúró sí. Wọ́n ní ìyókù ń bọ̀ lọ́dún méjì sí i."

"Ọdún méjì," Maimunat tún un sọ.

"Mo mọ̀. Ó wá ku ti àtijọ́. Ìyẹn parí, gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kíkà ni, ẹ ó kà á, ẹ ó kà á, lẹ́tà rẹ̀ sì dà bí èèrà tó ń tò lọ sílé. Èmi tí ojú mi mú yìí, ó ń dùn mí."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Kejì àti Kẹta, ẹni tí kò bá parí Kìíní, òkùnkùn ló máa wà. Karùn-ún, ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀; ẹni tó ṣe é gan-an ń tijú. Kẹfà àti Keje, ogun ni ṣáá, ọwọ́ ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ ọpọlọ." Ó wá gbé Kẹrin, ó fi aṣọ nu ún. "Kẹrin ni gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀. Ọmọ ọmọ arìnrìnàjò àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ó parí, wọ́n ń sọ̀rọ̀, lẹ́tà tóbi. Ẹni tí kò rí Kìíní rí lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nǹkan kan ò ní rú u lójú."

Maimunat mí kanlẹ̀. "Bá mi di Kẹrin."

Ó yá jù. Dámilárá náà rí i pé ó yá jù. "Ṣé wọn ò ní sunkún Kìíní sí yín lọ́rùn? Ẹni tó fi ìtàn sílẹ̀ ní ìdajì, ọkàn rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀ o."

"Kẹrin dáa."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n. Àmọ́ bí mẹ́mórì tí wọ́n fi gbá a nígbà yẹn bá ṣì wà, ẹ gbé e wá. Bọ̀ọ̀dá kan wà ní ìlà kejì tó ń jí ohun tó ti parẹ́ dìde. Ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ lórí mẹ́mórì kì í kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó kàn ń sùn ni. Àfi tí wọ́n bá ti gbé nǹkan mìíràn lé e lórí."

Maimunat dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba ọ̀rá, ó jáde.

Oṣù kẹta ọdún 2002 ni bàbá wọn kú. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n fi jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ata tí kò lẹ́ran tí kò lẹ́ja. Maimunat kà á. Ìdrís, tó ti ń múra àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, lọ kọ́ṣẹ́ pátákó kíkọ. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kò rí owó tí yóò san fún un, ó gbé ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ kan fún un. Mẹ́mórì rẹ̀, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí kò ju káàdì eré lọ tó ń tọ́jú ibi tí èèyàn bá eré dé, wọ́n rà á ní tòkunbọ̀ ní Alaba. Yàrá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú rẹ̀, bí ilé táwọn náà ń gbé tí ilẹ̀kùn kọjú síra wọn. Géèmù kọ̀ọ̀kan ń gba yàrá tirẹ̀.

Ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀ mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ ni ín máa ń gbàgbé nǹkan sínú rẹ̀. Ìyá wọn rí eyín ọmọdé kan rí nínú àpamọ́wọ́ tòkunbọ̀, wọ́n fi bébà wé e. Nínú mẹ́mórì yìí náà, wọ́n bá ẹrù ẹlẹ́rù: yàrá bíi mélòó kan tí lẹ́tà àwọn ará Japan wà lẹ́nu rẹ̀. Ìdrís fúnra rẹ̀ ló pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń fẹ́ àyè. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, á ní, "Àlejò, ó dàárọ̀ o."

Ìgbà tí iná bá dé, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bóyá wákàtí kan, bóyá kó dín, á jókòó ti Arìnrìnàjò. Lásìkò yẹn nìkan ni ojú rẹ̀ kì í fà ro. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi kó wákàtí mọ́kànlélọ́gọ́ta jọ. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ìkẹyìn, ó ní òun á dúró de ọjọ́ tí iná bá dára kí òun tó ṣí i.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ ọdún 2003. Ìdrís wà níbi iṣẹ́. Maimunat, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń gbá géèmù eré ìje ọkọ̀, ó sì fẹ́ kí ẹ̀rọ náà tọ́jú orúkọ òun. Ẹ̀rọ ní kò sí yàrá. Ó wo inú mẹ́mórì, ó rí yàrá kan tí lẹ́tà Japan wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rò pé ẹrù àlejò tó kù ni. Ta ni ì bá sọ fún un pé géèmù tó ń sọ èdè òyìnbó nínú ilé a máa fi lẹ́tà Japan kọ orúkọ sẹ́nu ọ̀nà? Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó ní, "Àlejò, ó dàárọ̀ o." Ó fi MAIMU síbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìdrís tan ẹ̀rọ, ó wá yàrá rẹ̀ tì, kò wo ẹnu àwọn yòókù. Iná ti ń ṣẹ́jú láti àárọ̀. Ó wo gílóòbù tó ń mì lókè, ó ní, "NẸ́PÀ ti jẹ ẹ́." Kò pariwo. Ó yọ mẹ́mórì, ó yọ sídì, ó fi ọ̀rá wé wọn, kò sì gbá géèmù kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Maimunat dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó sọ ni, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Nǹkan kan ṣoṣo tó tíì sọ nípa rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí Kẹrin fi dáa lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbá Kẹrin kò nílò mẹ́mórì àtijọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àyìlá, ó gba Okokomaiko lọ. Ìdrís ti jókòó sórí ẹní níwájú tẹlifíṣàn. Ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti nu eruku ara rẹ̀.

"Maimu ni," ó ní kó tó yíjú. "Bàtà yẹn ń ké bí ẹyẹ. Ìgbà wo lo máa jù ú nù?"

"Ẹ kú ìrọ́jú, bọ̀ọ̀dá mi. Níbo lẹ ti rí eléyìí?"

"Ọwọ́ alájọgbélé wa. Ó fẹ́ẹ́ sọ ọ́ sí ààtàn. Kí lo mú wá?"

Ó gbé Kẹrin lé e lọ́wọ́. Ìdrís sún un mọ́ ojú, ó tún sún un jìnnà, títí ó fi rí nọ́ńbà náà nínú páìpù ojú rẹ̀.

"Kẹrin."

"Wọ́n ní òun ló dáa jù. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ọmọ ọmọ arìnrìnàjò ló wà níbẹ̀."

"Maimu. Ẹni tí kò gbọ́ ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ bàbá àgbà, o ní kó máa lọ bá ọmọ ọmọ ṣeré." Kò bínú. Ó gbé páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki ọwọ́ sábẹ́ tìmùtìmù, ó fa ọ̀rá kan yọ. Ọ̀rá náà ti pọ́n. Maimunat mọ̀ ọ́n kó tó tú u.

"Mo pe ẹnì kan ní Alaba lórí fóònù," Ìdrís wí, ohùn rẹ̀ sì ga bíi ti ìgbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún. "Ó ní ohun tí iná bá jẹ kì í kú, ó ń sùn ni. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sí ẹni tó gbé nǹkan lé e. Ta ló sì gbé nǹkan lé e? Èmi ni mo kó o pamọ́! Ẹnu ilẹ̀kùn ìkẹyìn ni mo wà, Maimu. Wákàtí méjì ló kù. Ojú yìí á gbé wákàtí méjì. Tó bá dọ̀la, wàá mú mi lọ."

Maimunat wo mẹ́mórì náà. Ó lè dákẹ́. Lọ́la, ẹni tó wà ní Alaba á ṣí i, á rí MAIMU níbẹ̀, á kà á sókè. Ó sì lè wá ọ̀nà sọ ọ́ nù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti ronú kan èyí náà nínú kẹ̀kẹ́, ó sì ti tì í lójú.

"Kì í ṣe NẸ́PÀ," ó wí.

"Kí ni kì í ṣe NẸ́PÀ?"

"Èmi ni. Mo rò pé ẹrù àlejò ni. Lẹ́tà Japan ló wà lẹ́nu rẹ̀, bí àwọn tẹ́ ẹ máa ń pa rẹ́. Mo fi tèmi síbẹ̀. Kò sùn, bọ̀ọ̀dá mi. Ó ti kú."

Níta, obìnrin kan ń pe ọmọ rẹ̀ kó wá gbé korobá. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta kí ọmọ náà tó dáhùn.

"Ọdún mọ́kànlélógún," Ìdrís wí nígbẹ̀yìn, "ni mo fi ń bú NẸ́PÀ lórí ọ̀rọ̀ yìí."

"Ẹ má bínú."

"Mo ń bínú." Ó yí ẹ̀yìn sí i. Maimunat kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, kò dìde, kò sì bẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ púpọ̀ máa ń jẹ́ kí ẹni tí a ṣẹ̀ máa tu ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ nínú. Lẹ́yìn náà ó rí i tí ọwọ́ Ìdrís ń wá ihò ara ẹ̀rọ náà kiri. Ó ki mẹ́mórì bọ̀ ọ́, ó tan tẹlifíṣàn. Àwọn yàrá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yọ. Ó sún mọ́ gíláàsì títí imú rẹ̀ fi fẹ́ẹ́ kàn án, ó ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"M, A, I," ó kà. "Ipò kelòó lo ṣe nínú eré ìje náà?"

Maimunat kò fẹ́ dáhùn. "Ẹ̀kẹfà."

"Ẹ̀kẹfà!" Ìdrís yíjú padà. "O pa wákàtí mọ́kànlélọ́gọ́ta mi, tìtorí ẹ̀kẹfà? Ọkọ̀ mélòó ló sáré?"

"Mẹ́fà."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì rín in títí ó fi di ikọ́, títí ó fi nu ojú. Maimunat kò mọ èyí tó ń nù nínú omi méjèèjì, ti ẹ̀rín ni tàbí ti oògùn. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Dìde lórí sìmẹ́ǹtì," Ìdrís wí. "Mú sídì yẹn nínú ọ̀rá."

"Kìíní àtijọ́? Wọ́n ní lẹ́tà rẹ̀ dà bí èèrà. Kíkà ni gbogbo rẹ̀. Ojú yín ò ní gbé e."

"Ta ló ní ojú mi ló máa kà á? Kí lo fi ń jẹun? Ṣebí o ń kàwé sí àwọn ọmọ létí láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ìwọ lo pa á rẹ́, ìwọ lo máa kà á. Èmi á máa wo ọ̀nà, ìwọ á máa sọ ohun tí wọ́n wí fún mi. Má sì kà á ní òyìnbó, ó ti rẹ̀ mí. Gbé Kẹrin padà fún ọmọ yẹn lọ́la."

"Ọgọ́ta wákàtí ni."

"Wákàtí mọ́kànlélọ́gọ́ta, o ṣì máa san méjì sí i. Ṣé o níbi tó ò ń lọ ni?"

Sídì náà yí, ó ké, ó dúró, ó tún yí. Orin kan jáde tí Maimunat kò mọ̀ pé òun ṣì rántí. Ẹ̀rọ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ yàrá tuntun nínú mẹ́mórì, ó sì gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n pa ọ̀kan rẹ́.

"Kí n pa MAIMU rẹ́?"

"Àlejò ni?" Ìdrís béèrè. "Fi í sílẹ̀. Kó máa wò wá. Pa yàrá géèmù bọ́ọ̀lù yẹn rẹ́, mi ò gbá a mọ́. Kà á sí mi létí kó o tó tẹ̀ ẹ́. Kà á lẹ́ẹ̀mejì."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tẹ̀ ẹ́.

Bàbá arúgbó kan yọ lẹ́bàá kànga, àwọn lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kéré lóòótọ́. Maimunat tẹ̀ síwájú. "Ọmọ mi," ó kà, "láàárọ̀ yìí mo jí, mi ò rántí orúkọ ìlú wa."

"Arúgbó ni, kì í ṣe olùkọ́ kílásì kẹrin," Ìdrís ní. "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Tún un sọ."

Ó tún un sọ, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ gbẹ. Ìdrís mi orí. Ọkùnrin kékeré inú tẹlifíṣàn rìn yí kànga ká, ó bá ìyàwó alágbẹ̀dẹ sọ̀rọ̀, ó bá ọmọ kan tó ní òun kò ní rántí ilé ìyá òun tó bá dọ̀la. Maimunat ń sọ ọ́ bí ó ṣe ń yọ, ohùn ọ̀tọ̀ fún oníkálukú. Bí ó ṣe ku díẹ̀ kí wọ́n dé ibi tí eré náà ti gbà kí èèyàn tọ́jú ibi tó bá a dé, iná lọ.

Gbogbo àdúgbò ló kọ́kọ́ ké, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Gíláàsì tẹlifíṣàn dúdú.

"Èyí gan-an ni tiwọn," Ìdrís wí.

Maimunat gbé ọwọ́ kúrò lórí páàdì géèmù. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ la ó ti tún bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá mú un dé."

"Wọn ò sọ ìgbà tí wọ́n máa mú un dé." Ó na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ó sì gbé orí lé ògiri. Ojú rẹ̀ ṣì wà níbi tí ọkùnrin náà ti ń rìn. "Bàbá tó wà lẹ́bàá kànga yẹn, kí ló tún wí lẹ́yìn tó ní òun kò rántí orúkọ ìlú?"

Maimunat ronú sẹ́yìn. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì wà lórí rẹ̀.

"Ó ní," ó bẹ̀rẹ̀, ó tún jẹ́ kí ohùn rẹ̀ gbẹ, "'Bí ó bá ń lọ, má dúró kó lọ tán kó o tó wá a.'"

"Lẹ́yìn náà?"

Ó ń bá a lọ.